Iná Tó Wà Nílé Ayẹni

"Ta ló ń kó ìgbẹ́ màlúù mi jáde?"

Olúdọ̀tun ló ń bi Sàláwù, òṣìṣẹ́ tó ń bá wọn tọ́jú màlúù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wàrà àárọ̀ lọ́wọ́, ó ń wo sítóòfù. Iná tó wà lábẹ́ ìkòkò pọ́n, ó sì ń gbọ̀n bí iná fìtílà tí epo rẹ̀ ti ń tán lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò gáàsì tó ń sọ ìgbẹ́ màlúù di iná sẹ́yìn ilé màlúù wọn ní Mọ́níyà, iná yìí kì í pọ́n. Àwọ̀ aró ni í máa ń ní, ìkòkò wàrà a sì ti máa hó kí Bọ́láwùmí tó gún ewé bọmubọ́mu tó fi ń mú wàrà dì tán.

Bọ́láwùmí ti kú. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni wọ́n sin ín. Àwọn tó ń ra wàràkàṣì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bódìjà àti Ring Road ṣì ń pe fóònù rẹ̀, Mofẹ́olúwa ọmọ rẹ̀ ló sì ń dá wọn lóhùn. Olúdọ̀tun ọkọ rẹ̀, akọ̀wé sítọ́ọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kò mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ màlúù. Ohun tó mọ̀ ni pé iná yẹn ni ìyàwó òun fi sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kú mọ́ òun lọ́wọ́.

"Sàláwù, mo bi ọ́ léèrè."

"Bàbá, kò sẹ́ni tó ń kó o. Mò ń pò ó mọ́ omi, mo sì ń dà á sí kòtò bí Màmá ṣe kọ́ mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

Sàláwù wolẹ̀. "Gbogbo èyí tó yẹ, sà."

"Èyí tó yẹ!" Imú ni Olúdọ̀tun fi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ nídìí ẹrù ẹlẹ́rù, ó mọ bí ẹni tó ń jí i ṣe ń fèsì. Kì í parọ́ gbọnrangandan. Òótọ́ díẹ̀ ló máa ń fi bò ó.

"Dádì, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," ni Mofẹ́olúwa wí. "Bóyá òjò ló fà á."

"Ṣé òjò kì í rọ̀ nílé Ayẹni ni?"

Ayẹni ni aládùúgbò wọn lódìkejì ọ̀nà. Òun náà ń sin màlúù, kòtò gáàsì tirẹ̀ kò sì tíì pẹ́. Nírọ̀lẹ́, láti ojú fèrèsé, Olúdọ̀tun máa ń rí iná aláwọ̀ aró tó ń jó geere ní ilé ìdáná ọkùnrin náà. Nígbà ayé Bọ́láwùmí, òun àti Ayẹni a máa dúró sẹ́bàá ọgbà, wọn a máa sọ̀rọ̀ màlúù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdúró náà kò dùn mọ́ Olúdọ̀tun nínú rí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ òun àti Ayẹni kò kọjá "ẹ káàárọ̀".

Kì í sì í ṣe pé kò ní ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, lápá ọ̀nà ilé Ayẹni gan-an, ó ti rí òkìtì ìgbẹ́ màlúù tútù tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Ta ni í fi imọ̀ bo ìgbẹ́, bí kò ṣe ẹni tó ń retí ẹni tí yóò wá gbé e? Kò pariwo. Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Láàárọ̀, bí Sàláwù bá ti lọ gé koríko, Olúdọ̀tun a mú ṣọ́bìrì, a kó òkìtì náà sínú bárò, a sì dà á sí kòtò. Ohun ìní òun ló ń gbà padà. Ṣùgbọ́n bó ti ń dá a padà tó, bẹ́ẹ̀ ni iná ń rọ sí i. Ìyẹn fi hàn pé èyí tí wọ́n ń kó lọ pọ̀ ju èyí tí òun rí lọ.

Wàrà pàápàá ti dín. Ìbùkún, màlúù funfun tí Bọ́láwùmí fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré, ló ń fún ilé ní wàrà jù, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò dé ilé ìdáná mọ́. Sàláwù ní ó ń sinmi ni. Ó ń sinmi! Ṣé màlúù náà ti di òṣìṣẹ́ ìjọba ni?

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Olúdọ̀tun lọ sá pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Kò pẹ́, Sàláwù ti bárò dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da ìgbẹ́ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó sì da wàrà tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ funfun lọ gbòò.

Olè kì í da ohun tó jí nù. Ó yẹ kí Olúdọ̀tun rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ti ṣáájú rẹ̀ jáde.

"Ọwọ́ bà ọ́!"

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣubú lọ́wọ́ Sàláwù.

"Lọ di ẹrù rẹ. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú ìlú rẹ ń bẹ ní gáréèjì Challenge. Kí oòrùn tó mú, n kò fẹ́ rí ọ níbí mọ́."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n—"

"Ìwọ àti Ayẹni! Ẹ rí i pé ẹni tó mọ̀dí iṣẹ́ ti lọ, ẹ wá sọ èmi di ọ̀dẹ̀."

Mofẹ́olúwa sáré jáde. "Dádì, ẹ má lé e! Èmi ni mo ní kó ṣe é."

"O ní kó ṣe kí ni?"

Omi ti lé sójú ọmọ náà. "Ọmú Ìbùkún ló wú. Lẹ́yìn ìsìnkú ló bẹ̀rẹ̀. Ó san, ó tún padà. Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni dókítà ẹran ń wá gún un lábẹ́rẹ́. Màmá máa ń sọ ọ́ pé màlúù tó bá ń gba abẹ́rẹ́, a kì í mu wàrà rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ kòtò. Oògùn yẹn á pa ohun tó ń mú gáàsì wá. Mo ní kí Bọ̀dá Sàláwù máa dà á síbi tí ẹ ò ti ní rí i."

"Kí ló dé tí n kò fi gbọdọ̀ rí i?"

"Màlúù Màmá ni, Dádì. A kì í gbé òfò mìíràn lé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lórí. Mo ní bó bá san, ẹ ò ní mọ̀ rárá."

Olúdọ̀tun wo ṣọ́bìrì tó fi ti ọgbà. Ìgbẹ́ àná ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mo ń kó o padà," ni ó wí.

"Kí ni, sà?"

"Òkìtì yìí. Láràárọ̀ tí o bá lọ gé koríko. Mo ń dà á sí kòtò."

Sàláwù ká ọwọ́ lérí. "Háà! Bàbá! Ayẹni ni mo rò pé ó ń jí i kó lọ sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó kí mi lánàá, mi ò dá a lóhùn!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mofẹ́olúwa láàárín ẹkún. Olúdọ̀tun kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ ilé màlúù, ó gbé ọwọ́ lé Ìbùkún níwájú orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọmú rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ wò ó rí. 

"Ṣé yóò yè?"

"Wíwú náà ti ń lọ sílẹ̀, sà."

"Ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún mi mọ́. Bó bá máa kú, níṣojú mi ni kó kú." Ó dìde. "Kòtò ńkọ́?"

"A máa gbọ́n ọn dànù, a máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó mú iná wá, àfi téèyàn bá rí omi kòtò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bù sí i. Bí ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú ló rí."

"Ibo la ti máa rí ìyẹn?"

Sàláwù wo Mofẹ́olúwa kó tó dáhùn. "Ilé Ayẹni, sà. Inú kòtò tiwa yìí ni Màmá ti bu tirẹ̀ fún un nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀."

Olúdọ̀tun kọjú sí ilé Ayẹni. Láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, lójú fèrèsé, iná Bọ́láwùmí ni òun ti ń wò tí inú òun ń ru.

Ó wọlé lọ dé fìlà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì. Sàláwù na ọwọ́ láti gbà á.

"Fi sílẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni tí iná rẹ̀ bá kú, òun fúnra rẹ̀ ní í fẹsẹ̀ rìn lọ bu iná lọ́dọ̀ aládùúgbò."

Ó sọdá ọ̀nà. Ayẹni wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń rin pákò. Nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀, ó yọ pákò lẹ́nu kíá.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí o?"

"Ẹ káàárọ̀," ni Olúdọ̀tun wí, bó ti ń wí lójoojúmọ́. Ó sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó sì ṣí fìlà lórí.

"Iná wa ló kú. Mo wá bu iná."