Omi Tí Kò Ṣeé Sebẹ̀

"Ta ló tún bu omi iná yìí?"

Inú àmù òfìfo ni ohùn Hezekiah ti ń dún padà sí i. Ọyẹ́ ti dé sí Kàbà, koríko orí ilé ti gbẹ. Lọ́dún tó kọjá, iná jó ilé ìyá rẹ̀ kanlẹ̀. Àdúgbò kò lówó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń paná, ló bá bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi ra àwọn àmù tó wà ní oríta fún omi ìpaná, wọ́n sì ní kó máa mójú tó wọn.

"Hezekiah, okun o," ni Baba Gbádéyan, olórí àdúgbò, kí i láti ẹ̀yìn. "Òfìfo la tún bá?"

"Okun, Baba. Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bá a báyìí lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó tà wọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn. Ó bá Sarah, ìyàwó rẹ̀, nídìí ọbẹ̀ nílé.

"Ìyá Fọlọ́runṣọ́, odò ìtòsí ti gbẹ. Níbo lo ti rómi sebẹ̀?"

Sarah ń ro ọbẹ̀ tó ti jinná. "Ebi ò pa yín ni?"

"Sarah!"

"Díẹ̀ ni mo bù. Gbogbo wa là ń bù ú. Ẹ gbé omi tó mọ́ gaara síta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá ní ká máa wò ó lójú!"

Òótọ́ korò. Ọbẹ̀ náà sì tún dùn, èyí gan-an ló bí Hezekiah nínú jù.

"Wọ́n á tà wọ́n," ló wí jẹ́jẹ́. "Bíná bá tún dé, wíwò lásán la ó máa wò ó."

 Aláró ni Sarah, ojú rẹ̀ lọ sí ìkòkò aró tó ti lò tán, tó fẹ́ dà nù. Ní ọjọ́ kejì, òun àtàwọn obìnrin àdúgbò rin ọ̀nà jíjìn lọ pọnmi ní odò tí kò tíì gbẹ. Bí àmù kọ̀ọ̀kan ṣe ń kún, ó ń da aró sí i.

"Ẹni tó bá lè fi èyí sebẹ̀," ló wí, "kó wá bù ú."

Ọjọ́ Ìsinmi dé, àmù kún. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tí iná ta sí òrùlé Baba Gbádéyan gan-an. Àdúgbò tú jáde, wọ́n ń fi igbá gbọ́n omi dúdú náà lu iná títí ó fi kú.

Baba dúró lágbàlá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti di alámì aró káàkiri.

"Baba, ẹ pẹ̀lẹ́ aṣọ," ni Sarah wí.

"Aṣọ kẹ̀? Ṣebí ilé mi ló dúró un!" Ó na etí aṣọ sí i. "Ibi tó kù funfun yìí, bá mi pa á láró."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Hezekiah kò dúró gbọ́ ọ tán. Àmù ti tún ṣófo. Ó gbé garawa, ó kọjú sí odò tó jìn náà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.