Kílì Kọ́ Láti Sún Sẹ́yìn

Ọjà Singer ní Kano ni Henry Ọláyọdé ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ. Kano náà ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ló ti máa ń lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́jọ́ Sallah, ó sì ti pinnu pé òun náà yóò ní ẹṣin tòun. Ní ọdún 1978, ó ra ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń fi ẹṣin sáré ìje. Ẹṣin funfun ni. Kílì ni wọ́n ń pè é, bí àwọn Hausa ti ń pe irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí èèyàn bá ti gun Kílì, kò ní wàhálà. Ìgbà tí èèyàn bá wà nílẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ń fà á lọ, òun ni yóò máa fà ọ́. Bí o bá gbé oúnjẹ wá, yóò fi àyà tì ọ́ mọ́ ògiri kí o tó gbé e sílẹ̀. Rájí, ará Ìlọrin tó máa ń gé pátákò ẹṣin, gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kílì ta á nípàá, Rájí sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpò.

"Ọjọ́ tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ fún èèyàn, ẹ ránṣẹ́ sí mi," ló wí.

Henry rẹ́rìn-ín, ó ní ara ẹṣin ìje ló gbóná. Ìyàwó rẹ̀, Rosaline, ìyá Ṣọlá, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ibo Road, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìnkùlé àwọn kì í ṣe ibi tí à ń so ẹṣin mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Henry ti ń gbé eèrí ọkà wọ ilé ẹṣin lẹ́yìnkùlé, Kílì tì í, ó sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ kán. Dókítà dì í, ó ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀. Ẹṣin sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Rosaline ló gbé abọ́ eèrí lọ. Kílì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó da eèrí nù, ó sì ń jẹ ẹ́ nílẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Rosaline, inú sì bí i. Ó rántí àwọn oníbàárà tó máa ń rọ́ mọ́ ìkòkò rẹ̀ lọ́sàn-án. Kì í bá wọn jà. Á kàn dé ìkòkò, á dúró, títí wọn yóò fi sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sún ni yóò kọ́kọ́ bù fún.

Nírọ̀lẹ́, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kílì. Bí ẹṣin náà ti ń bọ̀ wá tì í, ó gbé abọ́ jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tún wọlé, ó tún jáde. Nígbà tó yá, Kílì dúró, ó ń wò ó. Rosaline fọwọ́ kan àyà Kílì, ó ní, "Sún." Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Lójú kan náà ló gbé abọ́ sílẹ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan tí ìrẹsì fẹ́ jóná, ó sáré gbé oúnjẹ fún un láìjẹ́ kó sún. Lọ́jọ́ kejì Kílì tún tì í bíi ti àtijọ́. Láti ìgbà náà, kò kánjú mọ́. Ẹsẹ̀ gbígbé ló pẹ́ jù. Ó kọ́kọ́ ń fi àkísà nu èjìká rẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún, kó tó kan pátákò. Bí Kílì bá ta ẹsẹ̀, kì í lù ú, kì í sì í sá. Á máa nù ún lọ títí ara rẹ̀ á fi rọ̀.

Ó ránṣẹ́ sí Rájí. Rájí dúró lókèèrè títí Rosaline fi gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀. Ìgbà náà ló tó yọ ọ̀bẹ.

"Tóò, ta ló kọ́ yín, Ìyá Ṣọlá?"

"Àwọn tó ń jẹ ìrẹsì ni."

Nígbà tí ẹsẹ̀ Henry san, òun fúnra rẹ̀ gbé abọ́ lọ ní Sátidé kan. Kílì mọ ẹni tó jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Henry gbá a létí. Kílì fẹ́ yí ìdí sí i. Rosaline ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ṣọlá, ẹ gbé abọ́ náà jáde."

"Ẹṣin tí mo fowó mi rà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Ó jáde. Ojú tì í, ó sì dùn ún pé ẹni tí kò fẹ́ ẹṣin nílé ni ẹṣin ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. "O ti gbà á lọ́wọ́ mi," ló wí.

"Mi ò gbà á. Ẹ dúró kó sún kẹ́ ẹ tó fún un. Tí kò bá sún, ẹ máa bọ̀ níta."

"Tó bá wá di ọ̀sán ńkọ́?"

"Ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ máa jọ wà níbẹ̀ di ọ̀sán."

Kò di ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Henry ń wọlé, ó ń jáde, òógùn bò ó. Níkẹyìn ó fọwọ́ kan àyà Kílì, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀: "Sún." Kílì rò ó wò, ó sì sún. Henry gbé abọ́ sílẹ̀, ó dúró tì í títí ó fi jẹun tán. Kò gùn ún lọ́jọ́ náà.

Ó wá bá Rosaline níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ti ẹsẹ̀ gbígbé yẹn, báwo lo ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Rosaline sún àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà yìí tán ná. A ó jọ lọ bá Kílì."