Ọta Tó Fi Ẹ̀gbẹ́ Lu Pátákó

Ọmọ ọdẹ ni mí, mo sì ti fi ìyẹn yangàn káàkiri Jẹ́dà. Bàbá mi a máa sọ pé ọta tó bá wúwo ló ń tètè mú ẹran balẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà ni tiwọn, inú ọ̀pá rẹ̀ dán, kò ní ìlà kankan. Mi ò bi ara mi rí bóyá ọ̀rọ̀ wọn bá ìbọn òyìnbó mu.

Iṣẹ́ mi ní pápá ìyìnbọn ọ̀gá wa, Abdulmohsen, ni kí n máa rọ etù sínú kòròfo, kí n sì fi ọta dé e lórí. Kàmọ́rù ló ń fọ ìbọn. Hájì ló bá wá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò padà sílé mọ́, kò sì ní ìkámà, ìwé tí yóò fi gbélùú. Lọ́jọ́ tí mo ń ṣe ọta fún ìbọn àtijọ́ tí ọ̀gá fẹ́ràn jù, Kàmọ́rù rọra sún mọ́ mi.

"Bọ̀dá Oyè, ọta yìí gùn jù, ó sì wúwo jù. Mo wo bí igi ìfọbọn ṣe ń yí nínú ọ̀pá ìbọn náà. Àwọn ìlà inú rẹ̀ ò yí kíá, wọn ò ní lè mú ọta gígùn pòòyì dáadáa. Èyí tó fúyẹ́ ni ẹ fi sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àlàájì, ẹni tó ń fọ ìkòkò ló fẹ́ kọ́ alásè lọ́bẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá yin ìbọn náà níwájú àwọn àlejò. Ọta mi ń mì lójú afẹ́fẹ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ lu pátákó. Gbogbo ihò rẹ̀ rí gbọọrọ. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú sí wa, ó bi wá pé ta ló ba ìbọn òun jẹ́.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọta mi ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòròfo nílẹ̀. Kàmọ́rù wò mí, ó wá fi Lárúbáwá sọ pé òun ló gbàgbé epo sínú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n lé e kí ọjọ́rọ̀ tó tó. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, pé bí wọ́n bá lé mi, ìkámà mi ti lọ nìyẹn. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí àwa Kìrìsìtẹ́nì jọ́sìn ní bòókẹ́lẹ́ nínú yàrá Caroline, ọ̀kan nínú wa, wọ́n ní kí n ṣíwájú àdúrà. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ sí Ruwais, àdúgbò tí Kàmọ́rù ń gbé, láti jẹ́wọ́ fún un. Bàṣírátù, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní Kàmọ́rù ti lọ gbé omi fún àwọn tó wá ṣe Hájì ní Mínà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ́kà, láìní ìwé àṣẹ, àti pé fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọlọ́pàá sì ń kó èèyàn lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Èmi Kìrìsìtẹ́nì ò lè wọ ìlú yẹn láti wá a.

Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Ó ní ẹ̀yin lẹ bẹ ọ̀gá tí wọn ò fi fa òun lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Ó gbé ike omi sámúsámù kan fún mi, ó ní ọkọ òun ló fi sílẹ̀ dè mí. Mi ò bẹ ọ̀gá rárá, síbẹ̀ mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ṣàdúrà fún un, mo sì bá tèmi lọ láì jẹ́wọ́.