Ọjọ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Dí Ihò Táyà Katakata

Ọdún 1994 ni irin ṣẹ́ ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń fẹ́ lọ́wọ́ tí òrùka irin tó há a mọ́ra fi ta dànù, tó sì gbá a. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi P.O.P. dì í dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà gbé ohunkóhun fún oṣù méjì. Oṣù méjì! Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ti ń kó katakata jáde.

Àbdùlkàrímù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi, ṣùgbọ́n ní Kabala Costain tí à ń gbé, mai faci ni tèwe tàgbà ń pè é, ìyẹn ẹni tó ń lẹ táyà, lédè Hausa. Èmi ń pè é ní Bàbá Humairah. Àwọn tó ń lẹ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ ní Kàdúná nígbà náà, ṣùgbọ́n ti katakata, tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n tún rọ omi kún inú rẹ̀ kó lè wúwo, ẹni tó lè fọwọ́ kàn án kò ju méjì lọ ní gbogbo agbègbè wa.

Iṣẹ́ tèmi ni fìlà. Mo máa ń jókòó lábẹ́ igi dongoyaro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ń fi abẹ́rẹ́ ya ọnà sára fìlà àwọn Hausa. Bí fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ bá dún, àwọn òṣìṣẹ́ á rọ́ kọjá lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa kí wa, "Sannu, mai faci! Sannu, Maman Humairah!" A ó máa dáhùn títí ẹnu á fi rẹ̀ wá. Ọ̀sán wa kì í gbẹ. Ojú mi wà lára abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi kì í kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi. Bó ṣe ń ṣàlàyé fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ ọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan ni Hajiya Zuwera gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dúró níwájú wa. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi katakata kan sílẹ̀ fún un, òun náà sì ń fi í túlẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá odò. Kò tilẹ̀ kí wa tán kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Malam, irin ti gún táyà ẹ̀yìn. Katakata mi wà nílẹ̀ àkùrọ̀, lẹ́bàá odò. Bí òjò tó ṣú yìí bá rọ̀ tí odò kún, omi á bò ó mọ́lẹ̀."

Ọkọ mi gbé ọwọ́ tí wọ́n dì sókè. "Hajiya, ẹ wo ọwọ́ mi."

"Mo rí i, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ọwọ́ ló ṣẹ́, ẹnu kò ṣẹ́. Ẹ wá máa sọ fún Fọlábí, òun á máa ṣe é."

Fọlábí ni awakọ̀ katakata náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Doka, ní Kàdúná níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, síbẹ̀ Hausa ló fi ń dá gbogbo ayé lóhùn.

Bàbá Humairah wo àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà, ó wá wo ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Mo gbé fìlà sílẹ̀.

"Èmi á bá yín gbé irinṣẹ́ náà," ni mo wí.

"Ìwọ? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Agatha wà nílé."

Agatha ni aládùúgbò wa tí a jọ ń lo àgbàlá kan náà. Mo gbé àwọn ọmọ lé e lọ́wọ́, mo di gèlè mi le, a sì gbéra.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, katakata náà fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ bí màlúù tó fẹ́ dùbúlẹ̀, omi sì ń tú yà láti ìsàlẹ̀ táyà rẹ̀. Ẹ̀rù ló ba Fọlábí tí kò fi jẹ́ kí katakata náà kúrò lójú kan. Ọkọ mi pariwo mọ́ ọn láti òkèèrè.

"Gbé e síwájú díẹ̀! Kí ihò náà yí wá sókè! Ìsàlẹ̀ lomi máa ń wà!"

Fọlábí gùn ún, ó sún un síwájú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ihò náà fi yí wá sókè. Omi dá. Mo rí i tí ìrètí padà sójú Hajiya.

Wọ́n yọ irin náà. Èèkàn àtijọ́ kan ni, àtàǹpàkò sì lè gba inú ihò tó dá sílẹ̀. Okùn rọ́bà mẹ́ta péré ló kù nínú àpótí wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fi irin tí ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi ha inú ihò náà, kó lè gba gọ́ọ̀mù mọ́ra. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ ńlá, wọ́n á kùn ún ní gọ́ọ̀mù, wọ́n á sì fi gún ihò náà títí orí okùn á fi kù díẹ̀ níta. Bí wọ́n bá wá fa abẹ́rẹ́ jáde, okùn á kù sínú ihò, á sì dí i.

Ọkọ mi sọ gbogbo rẹ̀. Fọlábí mi orí. "To, na gane," ó ní òun ti gbọ́. Ó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ ti abẹ́rẹ́ náà, àfi pọ̀ọ́! Okùn náà wọ inú táyà lọ pátápátá, ó bọ́ sínú omi.

Sánmà sì ń dúdú sí i. Fọlábí fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní òun ò lè fọwọ́ kàn án mọ́, kí wọ́n má baà sọ pé òun ló bà á jẹ́. Ọkọ mi fi ọwọ́ òsì gba abẹ́rẹ́ náà, ó gbìyànjú, kò wọlé. Mo rí òógùn lójú rẹ̀, ìrora sì ni, kì í ṣe oòrùn.

"Bàbá Humairah," mo ní, "ẹ gbé e wá."

"Gbé kí ni wá?"

"Ẹ̀yin ẹ kàn máa sọ ọ́."

Ó wò mí. Mo rò pé yóò kọ̀, nítorí ojú Hajiya wà níbẹ̀, ojú Fọlábí náà wà níbẹ̀. Ó na abẹ́rẹ́ sí mi.

Mo gun àtẹ̀gùn katakata, mo fi àyà ti táyà náà. Nítorí ihò náà tóbi, mo fi okùn méjèèjì tó kù bọ ojú abẹ́rẹ́ papọ̀, mo kùn wọ́n ní gọ́ọ̀mù dáadáa.

"Má ti í bí ẹni tínú ń bí," ni ọkọ mi wí nísàlẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku ìwọ̀n oríkèé ìka kan níta, dúró."

Mo tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà táyà náà le bí egungun. Apá mi ń ro mí, ṣùgbọ́n mo ń rí orí okùn náà bó ṣe ń rìn wọlé. Oríkèé méjì. Oríkèé kan ààbọ̀. Oríkèé kan.

"Ó tó! Fà á gbọnrangandan, má yí i!"

Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ jáde, okùn dúró.

A fẹ́ táyà náà títí ó fi gbéra nílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n tutọ́ sórí ihò náà, kí n wò ó bóyá yóò hó. Kò hó. Hajiya Zuwera pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin, ó ń yin èmi ìyàwó mai faci.

"Madalla! Madalla, matar mai faci!"

Táyà iwájú náà ń jò díẹ̀díẹ̀, nítorí kùkùté ọkà bàbà ti gún un kéékèèké kiri. A kò lè fi okùn dí gbogbo ìyẹn. Oje aláwọ̀ ewé kan tó ki bí ògì, tó ń dí ihò láti inú, ni a dà gba ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ, Fọlábí sì wà á yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oje náà lè ta dé ibi gbogbo. Lẹ́yìn náà ló mú katakata gòkè kúrò nínú àkùrọ̀, kíá, a kò tí ì dé ilé tí òjò fi rọ̀.

Ọkọ mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi délé. Ọjọ́ kejì, kò sọ. Mo ní ó dájú pé mo ti dójú tì í. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ń bọ̀ láti ọjà, mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú agolo ọ̀dà. Pátákó wa ló gbé kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan sí i, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo sún mọ́ ọn kí n lè kà á. Ó ti kọ ọ́ lédè Hausa pé: MAI FACI DA MATARSA. Ẹni tó ń lẹ táyà àti aya rẹ̀.

"Àwọn èèyàn á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o," ni mo wí.

"Kí wọ́n fi ṣe é. Táyà tiwọn náà á jò."

Ọwọ́ náà sàn, ṣùgbọ́n kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọdún márùn-ún la jọ fi ṣe é, òun lójú, èmi lọ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè rí obìnrin tó ń dí ihò táyà. Mo ṣì ń ya ọnà sára fìlà nígbà tí iṣẹ́ bá dá. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọdún wọ̀nyẹn ni mo máa pè ní ìgbà ayé mi tó dùn jù lọ.

Ní 1999, ara ìyá ọkọ mi kò yá mọ́ nílé, a sì ní láti padà sí Ìlọrin. Hajiya Zuwera gbé àpò àgbàdo kan wá, ó dì mọ́ mi. Fọlábí ni kò wá. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tó kó ẹrù wa ṣe jáde sí títì, mo gbọ́ ariwo katakata lẹ́yìn wa. Òun ni! Ó ń tẹ̀ lé wa jẹ́jẹ́, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fọn fèrè, wọ́n ń bú u, kò dá wọn lóhùn. Ó sin wá dé ẹsẹ̀ afárá, ó dúró, ó ju ọwọ́ sókè, ó sì fi Yorùbá kígbe, "Ẹ̀yin ará ilé mi, ó dàbọ̀ o!"

Bàbá Humairah ní kí n yéé bojú wẹ̀yìn, kí ọrùn má baà dùn mí. Òun fúnra rẹ̀ kò yéé bojú wẹ̀yìn títí a fi kọjá odò.