Ẹ̀wọ̀n Abẹ́ Tábìlì

Kí Tóyọ̀sí tó wọ tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, lọ sí Oldham nílùú Ọba ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ìyá rẹ̀ ti pè é láti Abẹ́òkúta.

"Ilé ìyá ọkọ rẹ lo ń lọ o. Kí n má gbọ́ pé o jókòó, tí wọ́n ń kó abọ́ tí o jẹ tán!"

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Ará Slovakia ni ẹbí Marek, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dé ilé wọn nìyí, ó sì ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun rí ojúrere wọn, pàápàá ti ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Babka, ẹni tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù.

Òórùn ẹja díndín gba ilé kan. Zuzana, ìyá Marek, ti ìka bọ oyin, ó fi ṣe àmì àgbélébùú sí iwájú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń súre pé kí ayé wọn dùn. "Àmín!" ni Tóyọ̀sí fi dáhùn, bí ẹni tó wà ní ìsọjí. Babka yíjú wò ó.

Nígbà tí wọ́n mu ọbẹ̀ kábéèjì tán, Zuzana bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́. Tóyọ̀sí rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó o, Mà." Ó dìde.

"Rárá!" Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí Tóyọ̀sí ṣe fẹ́ kúrò nídìí àga rẹ̀, ni nǹkan bá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì jókòó padà gbì. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ẹ̀wọ̀n irin ni, wọ́n fi yí ẹsẹ̀ tábìlì ká!

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń gbààwẹ̀ lé lórí ní ìjọ rẹ̀ pé kó já!

"Èmi ni mi ò sọ fún un," ni Marek ń bẹ̀bẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìyá ilé nìkan ló ń dìde títí oúnjẹ yóò fi parí lálẹ́ yìí. Ẹlòmíràn tó bá dìde, wọ́n ní kò ní bá wọn jókòó lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀wọ̀n náà sì wà kí ìdílé má baà tú ká.

Omi lé ròrò sójú Tóyọ̀sí. Ẹ̀kọ́ ilé tó gbé wá ló fi ba nǹkan jẹ́ yìí.

"Ṣé ó tiẹ̀ dìde?" ni bàbá Marek wí. "Èmi ò rí i o."

"Ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga!" ni Katka, àbúrò Marek, wí. "Ojú mi ló ṣe!"

"Katka, jẹ ẹja rẹ."

Babka gbá tábìlì.

"Láti ìgbà tí mo ti ń so ẹ̀wọ̀n yìí," ló wí, "kò dá ẹnikẹ́ni dúró rí. Ọkọ mi gan-an, ó máa ń fò ó kọjá lọ mu sìgá." Ó nawọ́ sí Tóyọ̀sí. "Èyí fẹ́ lọ, ẹ̀wọ̀n ní kò gbọdọ̀ lọ. Tiwa ni. Zuzana, ẹja tó tóbi jù dà? Gbé e fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín àti omijé pọ̀ mọ́ra lójú Tóyọ̀sí. Bí fóònù rẹ̀ ṣe dún nìyẹn.

"Ṣé o bá wọn kó abọ́?"

"Wọn ò jẹ́ kí n dìde, Mọ́mì. Wọ́n so ìdílé wọn mọ́ tábìlì, wọ́n sì so mí mọ́ ọn."

"Kí ni wọ́n fi so ọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n ni, Mà."

Igbe tí Mọ́mì ta, gbogbo ìdí tábìlì ló gbọ́ ọ.

"Kí ni ìyá rẹ ń sọ?" ni Babka béèrè.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Mà."

"Àmín!" ni Babka fi ìdùnnú ké, gẹ́gẹ́ bí Tóyọ̀sí ti ṣe é, ó sì tún ti ìka bọ oyin.