Wọn Ò Kí Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ sún mọ́bí, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Orí àga ni mo sùn sí, àwo ẹ̀wà tí mo ń ṣà wà lórí itan mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá mi ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Níjẹta, orúkọ àbúrò wọn ni wọ́n fi pè mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Olúmuyìn, ní àjẹ́ ni wọ́n, pé ká gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà, kí wọ́n kúkú máa gbébẹ̀. Dókítà ló ní ká ní sùúrù, pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ti lè fi àmì àìsàn ìgbàgbé hàn báyìí. Àárọ̀ àná la lọ fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Lójú àlá, mo bá ara mi níwájú ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè odò. Àkàbà tí mo ń gùn lọ síbẹ̀ ní kí n rọra, orúnkún ń dun òun. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” mo ń gùn ún lọ.

Ìgò kékeré tí ẹ̀jẹ̀ Ìyá wà nínú rẹ̀ ló jókòó sórí àga. Bọ̀dá Olúmuyìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ru ẹrù Ìyá. Ọ̀gá kan tó wọ táì nàka sí ìgò náà, ó ní, “Ìwọ, sọ ohun tí o mọ̀!”

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

Inú bí ọ̀gá, irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Mẹ́ẹ̀ẹ́!” Ó di ewúrẹ́. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì Ìyá.

Bọ̀dá ní, “Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ àjẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ fáìlì yẹn tán, à ń lọ sórí òkè àdúrà nìyẹn.”

Ojú ìwé kan ṣoṣo ló kù. Ni mo bá rántí: ta ló kí ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an? Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ẹ ń pè é ní “ìwọ”! Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ìnira abẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró!” Mo kì wọ́n títí dé orílẹ̀ baba wọn.

“Ṣíọ̀!” ni ẹ̀jẹ̀ wí. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹni tó gbẹ̀kọ́ ilé. Olúmuyìn, sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Èmi tí mò ń gba ọpọlọ kọjá lójoojúmọ́, mo rí ohun tó wà níbẹ̀. Àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́. Ẹ tọ́jú ìyá yín nílé.”

Ẹrù já bọ́ lórí Bọ̀dá. Ewúrẹ́ ní, “Ẹ má bínú mà, ebi ló ń pa mí,” ó fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ sí ojú ìwé tó kù. Mò ń dúpẹ́, mò ń sunkún, ni ọ́fíìsì bá já lulẹ̀, gbì!

Mo lajú. Àwo ẹ̀wà ti dànù. Ìyá ló dúró tì mí, wọ́n ń wo apá wọn.

“Ta ló lẹ òwú mọ́ mi lápá?”

Ìgbà kẹrin nìyẹn láti àárọ̀. Mi ò jágbe. Mo ní, “Dókítà ni, mà.”

Wọ́n wojú mi títí. “Àṣàkẹ́, láti ìgbà tí mo ti dúró síbí, o ò mà tíì kí mi.”

Èsì àyẹ̀wò ò tíì dé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ sórí ẹ̀wà, ó ń gún mi lórúnkún, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúkọ mi ni wọ́n pè.