Àpáta Ẹ̀yìnkùlé Màmá Ìyátúndé

Ẹni tó bá rí Iyìọlá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bó ṣe gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn, tó ń dá rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, á rò pé ó ti rí ọkọ ni. Ọkọ kọ́, ilé ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ya ilé tí ẹlòmíràn ń buwọ́ lù, èyí sì ni àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Jesse, ọmọ Ọ̀kà tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló ní kó ya ilé tuntun tí wọ́n máa kọ́ sórí ilẹ̀ ìyá òun, Màmá Ìyátúndé. Àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó kù ò ju kí Màmá wo àwòrán náà, kó sì ní ó dára.

Jesse ní kó fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù. Iyìọlá ní rárá, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Màmá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gbé omi àti ẹ̀pà fún un, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Iyìọlá mú un rìn káàkiri inú ilé náà: pálọ̀ ńlá, yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná tó ń dán. Ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń ya ilé ti to àga, bẹ́ẹ̀dì àti òdòdó lóríṣiríṣi kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ó sì ti kó wọn dà síbẹ̀ láìṣahun. Ó tilẹ̀ fi ibi ìyáná òyìnbó kan sára ògiri pálọ̀, torí pé ó wù ú.

"Kí lèyí?" Màmá bi í.

"Ibi tí wọ́n ti ń yáná ni, Màmá."

"Nínú pálọ̀? Ó dáa. Àpáta mi dà?"

Iyìọlá yọjú lójú fèrèsé. Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé alámọ̀ Màmá lóòótọ́, ó na ara rẹ̀ bíi màlúù tó ń sinmi, èlùbọ́ tí Màmá sá sì bo ìdajì rẹ̀. Ó ti rí i lọ́jọ́ tó wá wọn ilẹ̀. Kò kà á sí ni, torí Jesse ti ní wọ́n máa fọ́ ọ.

"Bùrọ̀dá Jesse ní ibẹ̀ ni pálọ̀ máa bọ́ sí, Màmá."

Màmá yọ awò ojú rẹ̀. "Èmi ò bá Jesse jà o. Àmọ́ ilé tí àpáta mi ò bá sí níbẹ̀, èmi ò ní í gbé e. Sọ fáwọn bíríkìlà yín kí wọ́n má wulẹ̀ wọ mọ́tò."

Bí Màmá ò bá gbà, kò sí ilé. Bí Iyìọlá bá sì tako Jesse, ó lè wá ẹlòmíràn, torí àwọn tó ń ya ilé pọ̀ ní Àkúrẹ́ bí ẹní máa kú. Nígbà tó yá, ó rántí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ó bá fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra.

Ó wá àpáta nínú ètò náà. Kìkì òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tò sídìí òdòdó ló rí.

"Èyí ni mo fi ń ha gìgísẹ̀," ni Màmá wí.

Kò sọ́gbọ́n míì, àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Ohun mẹ́ta péré ni ètò náà fún un: àpótí, bọ́ọ̀lù, àti ohun róbótó kan tó dà bí agolo. Iyìọlá fa bọ́ọ̀lù kan jáde, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí àkàrà, ó nà án gùn. Ó gbé òmíràn lé e léjìká, ó fi ẹ̀kẹta ṣe ìrù, ó pa wọ́n pọ̀, ó sì kun gbogbo rẹ̀ láwọ̀ eérú.

"Báwo ló ṣe fẹ̀ tó, Màmá?"

"Ẹní mẹ́sàn-án. Mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó. Ogójì ọdún ni mo ti ń tẹ́ ẹ."

Iyìọlá mú ìwọ̀n ẹní tí ìyá tirẹ̀ ń sùn lé nílé, ó fi ṣírò. Ó sún pálọ̀ kúrò níbẹ̀ ná, bó sì ṣe gbé àpáta náà kalẹ̀, ńṣe ló gba ẹ̀yìnkùlé tán, tó sì tún wọ ilé kejì, ilé Fálúyì aládùúgbò Màmá.

"O ti gbé àpáta mi wọ yàrá Fálúyì," ni Màmá wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹní èlùbọ́ kéré, ọmọ ọdún márùn-ún ò lè nà tán lórí rẹ̀.

Wọ́n jáde lọ fi tépù wọn ẹní gidi. Ibẹ̀ ni Màmá ti kó èlùbọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì fi ojú ihò gbọọrọ mẹ́ta hàn án, wọ́n ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa wọ́n.

"Ibi tí bàbá Jesse ti máa ń pọ́n àdá rèé. Láràárọ̀ ni, kó tó lọ sóko. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, kò sì mọ̀ pé òun ń gbẹ́ nǹkan kan."

Iyìọlá ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó jìn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ojú tì í pé òun fi pálọ̀ rọ́pò ibẹ̀.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó na bọ́ọ̀lù kan títí ó fi dà bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rì í sínú àpáta, ó ní kí ètò náà gé e kúrò. Ojú ihò kan jókòó síbẹ̀. Ó ṣe méjì sí i. Màmá ní èlùbọ́ ńkọ́, Iyìọlá bá tẹ àpótí kéékèèké pẹlẹbẹ, ó kùn wọ́n lẹ́fun, ó sì sá wọn.

Ìgbà náà ni Jesse pè lórí fídíò, ojú rẹ̀ kún fóònù Iyìọlá.

"Ṣé Màmá ti gbà?"

Iyìọlá dá a lóhùn. "Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá. Mo ti dá àpáta padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó ná, kẹ́ ẹ tó wá ẹlòmíràn."

"Kí ni mo sọ fún ọ nípa àpáta yẹn?"

Iyìọlá kọjú fóònù sí àwòrán náà. Jesse sún ojú mọ́ fóònù.

"Ihò mẹ́ta yẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìró àdá yẹn ló máa ń jí mi. Bó bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé Bàbá ti lọ nìyẹn." Ó wúkọ́. "Mo ti gbàgbé ibẹ̀ pátápátá. Iyìọlá, ṣé pálọ̀ lè bọ́ sápá ọ̀tún?"

"Ó lè bọ́ síbẹ̀, Bùrọ̀dá."

"Gbé e síbẹ̀. Káwọn bíríkìlà ṣì máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Màmá fi etí ìró nu eruku kúrò lójú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì nu ojú tirẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí ògiri pálọ̀.

"Bá mi yọ ibi ìyáná yẹn kúrò."

Iyìọlá yọ ọ́. Ó fi fèrèsé gbọọrọ kan rọ́pò rẹ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń pọ́n àdá.